Coyote vs. Acme: wọ́n ti dá ọjọ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà?

Ajáko49

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fíìmù yìí ti sú ọ̀pọ̀ nínú yín, ṣùgbọ́n ó jọ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. August 28, 2026 ni Ketchup Entertainment, ilé-iṣẹ́ tó ra fíìmù náà, dá pé Coyote vs. Acme máa wọ sinimá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: lọ́dún 1990, Ian Frazier kọ àpilẹ̀kọ ẹ̀fẹ̀ kan sínú ìwé ìròyìn The New Yorker. Ó kọ ọ́ bí ìgbà tí lọ́yà bá ń ka ẹ̀sùn níwájú adájọ́. Ẹni tó pẹjọ́ ni Wile E. Coyote, ajáko inú káátúùnù Looney Tunes tó ti ń lé ẹyẹ Road Runner láti ọdún 1949 tí kò rí i mú jẹ. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Acme, ilé-iṣẹ́ tó ń ta bọ́ǹbù, bàtà onírọ́kẹ́ẹ̀tì àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ fún un, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bú gbàù mọ́ ọn lójú. Àpilẹ̀kọ yẹn ni wọ́n sọ di fíìmù. Dave Green ni olùdarí. Will Forte ni lọ́yà tó gba ẹjọ́ Coyote rò, John Cena ni lọ́yà Acme. Àwọn yẹn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n. Káátúùnù ni Coyote láàárín wọn. Ní New Mexico ni wọ́n ti ya apá ti èèyàn lọ́dún 2022, lẹ́yìn náà ni wọ́n ya Coyote sínú rẹ̀, wọ́n sì parí iṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n PARÍ rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là ló gbà. Nígbà tó di November 2023, Warner Bros., ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ní àwọn ò gbé e jáde mọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá July 21, 2023 fún un ni mo ti ń retí. (Barbie ló padà jókòó sórí ọjọ́ yẹn. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ Barbie.)

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọjọ́ tuntun yìí máa dúró?

Aláròyé_Àná

Ìgbà tí mo bá jókòó sí sinimá, tí wọ́n pa iná, tí mo rí ìrù Coyote lójú ara mi, ìgbà yẹn ni n óò tó gbà. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa rí.

ỌmọTuntun22

Ẹ má bínú sí mi o, àlejò ni mí níbí. Báwo lèèyàn ṣe máa kọ́lé tán, táá kùn ún lọ́dà, táá fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà, táá wá ní òun ò gbébẹ̀, òun ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbébẹ̀? Kí ni èrè tó wà níbẹ̀?

OníṣiròOwó

ỌmọTuntun, o ò jìnnà sí ohun tí aṣòfin Amẹ́ríkà kan láti Texas sọ, Joaquin Castro. Ó fi ọ̀rọ̀ náà wé ẹni tó dáná sun ilé nítorí owó adójútòfò, ó sì ní kí ìjọba tú u wò. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń bínú láìmọ ibi tó yẹ kí ìbínú wọn dojú kọ.

April 2022 ni Warner àti Discovery di ilé-iṣẹ́ kan. Gbèsè tí wọ́n gbé wọ inú ìgbéyàwó yẹn ju bílíọ̀nù 40 dọ́là lọ. Ẹni tó bá jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ò lè mọ́ kó má wo ibi tó ti máa rí owó fà yọ. August ọdún náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn wá: wọ́n sọ fíìmù Batgirl nù, èyí tó ti jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 90, wọ́n sì sọ káátúùnù Scooby-Doo kan nù mọ́ ọn.

Owó tí wọ́n bá ná sórí fíìmù, wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú èrè lójú ẹsẹ̀. Dúkìá ni wọ́n máa ń kà á sí nínú ìwé. Bí fíìmù bá ṣe ń pawó wọlé, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá kéde pé dúkìá yìí ò níye lórí mọ́, gbogbo rẹ̀ lè di àdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èrè tí ìjọba máa bu owó orí lé á sì kéré. Lórí Coyote, ìròyìn gbé e pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là ni wọ́n fẹ́ rí lọ́nà yìí.

Ìkẹ́kùn tó wà nínú rẹ̀ rèé: o ò lè sọ pé nǹkan ò níye lórí lónìí kí o wá gbé e sọ́jà lọ́la. Tí ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n kọ fíìmù kan sílẹ̀ bí àdánù, kò sí pé bóyá wọ́n á rántí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n tì í pa nìyẹn.

Ẹ sì fi owó ìpolówó kún un. Fíìmù tó bá ná mílíọ̀nù 70, àtipolówó rẹ̀ kárí ayé lè fẹ́ ju ìdajì iye yẹn. Ẹni tó jókòó ti ìwé ìṣirò rò ó pé: kí n tún ná owó mìíràn sórí ohun tó lè kùnà, àbí kí n mú èyí tó dájú? Kò tiẹ̀ wo fíìmù náà kó tó dá a lóhùn. Kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀lásán

Ẹ dúró ná. Coyote gbé ilé-iṣẹ́ ńlá lọ sílé ẹjọ́ torí wọ́n ń ju nǹkan lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn wá gbé fíìmù ẹjọ́ náà, ó ju àpáta lé e lórí. Ta ló kọ ìtàn yìí? Ẹ jẹ́ ká ra kókó fún un.

Aláròyé_Àná

Acme ló kọ ọ́.

Ajáko49

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo ṣe ń retí fíìmù yìí ju àwọn yòókù, torí ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ó ń ṣi ara rẹ̀ lọ́nà ni.

Chuck Jones, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Coyote sílẹ̀, fi òfin lélẹ̀ fún káátúùnù yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kò sí agbára láti ìta tó gbọ́dọ̀ pa Coyote lára: bí kò bá ṣe àìmọ̀ọ́ṣe òun fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé ọjà Acme ló kùnà. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ ti wà nínú òfin yẹn láti ọjọ́ pípẹ́? Gbogbo ẹjọ́ ilé-ẹjọ́ náà kò ju èwo nínú méjèèjì lọ. Lọ́yà Coyote á ní ọjà yín ni. Lọ́yà Acme á ní oníbàárà yín ò mọ̀ ọ́n lò, ta ló ní kó de rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ létí ọ̀gbun? Àwọn méjèèjì ló lè jàre! Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa jà á.

Ohun kejì: Coyote kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń lé Road Runner. Pátákó ló máa ń gbé sókè. Báwo ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ṣe máa jẹ́rìí nílé ẹjọ́? Ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fi sọ gbogbo rẹ̀. Ayàwòrán tó bá lè mú kí etí ajáko kan tẹ̀ sílẹ̀ kí n sì mọ̀ pé ojú tì í, ẹni yẹn ti ṣe ohun tí òṣèré gidi ń ṣe.

Kò_Parí_Síbẹ̀

Ìjàpá tiwa náà kúkú nìyẹn. Ọgbọ́n rẹ̀ ló ń pa á, kò sì jáwọ́ ńbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé Ìjàpá máa ń purọ́, Coyote kì í parọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ó rajà, ó sanwó, ó tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n kọ sára páálí. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe mí láàánú.

Gatchaman_Ò_Kú

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ń kà yín, mo sì ń rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. Ẹ ní ẹ ti retí láti 2023? Ẹ wo orúkọ mi.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Hong Kong tó ń jẹ́ Imagi. Àwọn ló ṣe káátúùnù TMNT, ti àwọn alábahun ajàkadì, tó jáde ní 2007. Fíìmù yẹn pawó dáadáa, ọkàn wọn bá fò sókè. Wọ́n ní àwọn máa gbé Astro Boy ti Osamu Tezuka, ayàwòrán ará Japan, sójú àwòrán, lẹ́yìn náà Gatchaman. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Gatchaman jẹ́ káátúùnù Japan láti ọdún 1972, àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó wọ aṣọ bí ẹyẹ. Ní Amẹ́ríkà, Battle of the Planets ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Wọ́n ju tírélà kékeré kan síta. Ó ṣì wà lórí YouTube. Ẹyẹ funfun kan dúró lórí ilé gíga, aṣọ ìléjìká rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo ti wò ó ju ìgbà tí mo wo fíìmù tó parí lọ.

Owó wọn wá ń tán. Gbogbo ìrètí wọn dúró lórí Astro Boy pé tó bá pawó, á gbé ti Gatchaman dìde. Mílíọ̀nù 65 dọ́là ni wọ́n ná sí i, ó jáde ní October 2009. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kárí ayé ò tiẹ̀ tó iye tí wọ́n fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ sinimá ṣì máa mú tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2010, wọ́n ti ti sítúdíò tó wà ní Amẹ́ríkà, ti Hong Kong sì tẹ̀ lé e. Gatchaman kò bọ̀ mọ́. Japan ṣe ọ̀kan tó jẹ́ ti èèyàn gidi ní 2013, mo lọ wò ó, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín fíìmù tiyín àti tèmi. Tiyín ti parí. Ó wà nínú àpótí níbì kan. Tèmi, wọn ò tíì ya ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ti ṣe tán, ẹnì kan lè rà á. Ìlérí ò ṣeé rà.

Ajáko49

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti lọ wo tírélà yẹn. Ẹ jàre.

Aláròyé_Àná

Ẹ̀gbọ́n Gatchaman sọ òótọ́ tó pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó parí náà lè má bọ̀. Batgirl ńkọ́? Ó ti kù díẹ̀ kó parí. Ìparí fíìmù kọ́ ló gba Coyote sílẹ̀, ariwo ni. November 9, 2023 ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti sọ ọ́ nù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù àti àwa tí a wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti fa aṣọ wọn ya tán, wọ́n ní ó dáa, kí Dave Green àtàwọn tirẹ̀ gbé e kiri bóyá ẹnì kan á rà á. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ rà á dé, ìròyìn ní mílíọ̀nù 75 sí 80 ni Warner ń béèrè. Ju owó tí wọ́n fi ṣe é! Oṣù mẹ́rìndínlógún kọjá láìsí ohun kan. Ẹni tó bá fẹ́ tajà ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

OníṣiròOwó

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó o bá ní mílíọ̀nù 30 tó dájú nínú àpò, o ò ní gba ohun tó kéré síyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, o ó sì kọ́kọ́ béèrè èyí tó ga. Mi ò ní wọ́n ṣe dáadáa o. Mo ní ọjà ni.

Aláròyé_Àná

Ẹ máa gbèjà wọn lọ.

OníṣiròOwó

N ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Dókítà tó bá sọ orúkọ àìsàn fún ọ kọ́ ló kó o ràn ọ́.

Olùtọ́jú_Àpérò

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Mo sì ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò lókè, ẹni tó ń wá ẹni tó máa jí fíìmù náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.

Ìyá_Píksẹ́ẹ̀lì

Mo máa ń kà yín láìdá sí i, àmọ́ ti òní ta mí lára. Iṣẹ́ káátúùnù ni mò ń ṣe jẹun. Mi ò sí níbi tí wọ́n ti ṣe Coyote, n ò sì ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣe tèmi.

Iná ni mò ń tàn sínú àwòrán. Ẹlòmíì á ti mú kí ẹ̀dá inú àwòrán rìn, èmi ni mo máa pinnu ibi tí oòrùn ti máa tàn sí i àti bí òjìji rẹ̀ ṣe máa tẹ́ sílẹ̀. Mo lo oṣù mẹ́rìnlá lórí fíìmù kan tí wọ́n mú láti inú ìwé ọmọdé. Ibì kan wà níbẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án lọ: ọmọbìnrin kan ń gun àkàbà lọ sókè nínú òkùnkùn, fìtílà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Bó bá gbẹ́sẹ̀, iná gbọ́dọ̀ mì. Bí iná bá mì, òjìji gbogbo igi àkàbà náà gbọ́dọ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ débi tí ojú á fi kúrò lára ọmọ náà.

Kì í ṣe lẹ́tà la fi mọ̀ pé owó ti ń tán. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ní ká ní sùúrù, pé àwọn tuntun tí wọ́n ṣèlérí kò tíì dé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tí àdéhùn wọn parí, wọn ò fún wọn ní òmíràn. A rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Owó oṣù wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́: ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n pe gbogbo wa sí ìpàdé orí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi sọ ọ́. Kí n tó padà sídìí iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìwọlé mi ò ṣí nǹkankan mọ́.

Owó oṣù méjì wà lọ́rùn wọn títí dòní. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. A ti fọwọ́ síwèé pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà han ará ìta kí fíìmù tó jáde. Fíìmù ò wá jáde. Nígbà tí mo wáṣẹ́ lọ, oṣù mẹ́rìnlá yẹn di ihò gbàgàdà. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ṣe láàárín ìgbà yẹn. Mo ní fìtílà ni mo ṣe.

Ẹ̀fẹ̀lásán

Mo ti kọ ẹ̀fẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Mo ti pa á rẹ́.

ỌmọTuntun22

Ìyá Píksẹ́ẹ̀lì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kò sí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn lè gbà gbé e kí wọ́n parí rẹ̀ ni?

Ìyá_Píksẹ́ẹ̀lì

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn bí ẹni gbé ìwé láti orí tábìlì kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ sítúdíò ló ní ẹ̀rọ ìyàwòrán tirẹ̀ tí wọ́n kọ fúnra wọn. Ẹlòmíì tó bá gba fáìlì náà lè má lè ṣí i. Ohun tí wọ́n lè gbà lọ ni ìtàn, ohùn àwọn òṣèré, àti àwòrán fífà tó ń sọ bí fíìmù ṣe máa tẹ̀ léra. Ìyókù, ó di kí wọ́n tún un ṣe.

Kò_Parí_Síbẹ̀

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nimona nìyẹn o! Ìdí orúkọ mi níbí.

Ìtàn aláwòrán ni, ti ND Stevenson, ó kọ́kọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di ìwé lọ́dún 2015. Sítúdíò Blue Sky ló ń ṣe fíìmù rẹ̀, àwọn ará Connecticut tó ṣe Ice Age ní 2002. Ní 2019 Disney ra Fox, ó sì gba Blue Sky mọ́ ọn. Nígbà tó di February 2021, lójú àrùn Corona, Disney ní òun ò lè gbé sítúdíò káátúùnù kẹta mọ́. April ọdún náà ni wọ́n tì í. Nǹkan bí 450 èèyàn ló lọ sílé, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti wà lórí Nimona.

Ọdún kan kọjá, a ò gbọ́ nǹkankan. Lójijì ní April 2022, ilé-iṣẹ́ fíìmù Annapurna ní òun ti gbé e. Nick Bruno àti Troy Quane tó ń darí rẹ̀ ní Blue Sky náà ló ṣì ń darí rẹ̀, sítúdíò DNEG ló wá ya àwòrán, Netflix sì gbé e jáde ní June 30, 2023. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wà lára fíìmù márùn-ún tí wọ́n yàn fún Oscar ti káátúùnù. Kò gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ rò ó wò: fíìmù tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ fún.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Gatchaman, ẹ má bínú, èmi ò gbà pé èyí tó parí nìkan ló ṣeé gbà là. Ohun tó gba Nimona ni pé àwọn tó ń ṣe é ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ń gbé e kiri.

Gatchaman_Ò_Kú

N kò bínú. Ṣùgbọ́n o gbàgbé ẹnì kan: olówó. Annapurna rí nǹkan tó wù ú, ó sì ní owó tó fi ṣe é. Ká ní kò sí Annapurna ńkọ́? Richard Williams, ayàwòrán káátúùnù, kò jẹ́ kí tirẹ̀ lọ bákan náà. Láti nǹkan bí ọdún 1964 ló ti ń ya The Thief and the Cobbler. Ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ṣe onígbọ̀wọ́ fíìmù náà gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé kò parí lásìkò. Wọ́n fi orin pá a, wọ́n gé e, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì tó sáré parí rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

ỌmọTuntun22

Ọdún mélòó???

Gatchaman_Ò_Kú

O kà á dáadáa.

OníṣiròOwó

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Ketchup, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wà. Ìbẹ̀rù tèmi ti kúrò lára Warner.

March 2025 ni Ketchup rà á. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là ni ìròyìn gbé. Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, sinimá máa ń mú bí ìdajì, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì tó tó mílíọ̀nù 100 gbọ́dọ̀ tà kí owó tí wọ́n fi rà á nìkan tó padà. Ìpolówó ò sí nínú rẹ̀ o. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbé káátúùnù Looney Tunes mìíràn jáde, The Day the Earth Blew Up, ti Porky àti Daffy. Àwọn tó wò ó yìn ín. Kò pa tó mílíọ̀nù 10 dọ́là ní Amẹ́ríkà.

Ilé-iṣẹ́ kékeré ni Ketchup. Ohun tó lè gbà wọ́n ni pé olùpín fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹrù náà rù. Wọ́n máa ń ta ẹ̀tọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fún olùpín tó wà níbẹ̀ kí fíìmù tó jáde, owó yẹn á ti wọlé. Ti tẹlifíṣọ̀n àti ti íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ò ní kí àyà mi má já. Ẹ sì rántí pé Warner ló ṣì ni Coyote fúnra rẹ̀. Bí fíìmù yìí bá dùn jọjọ, tí gbogbo ayé fẹ́ràn ajáko yìí ju ti tẹ́lẹ̀, ta lẹ rò pé ó máa jèrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú?

Aláròyé_Àná

Ẹni tó jù ú nù.

OníṣiròOwó

Lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹnu wa kò.

Ẹ̀fẹ̀lásán

Ẹ kọ ọjọ́ òní sílẹ̀! Oníṣirò àti Aláròyé fẹnu kò!

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Tí wọ́n bá gbé e jáde bí wọ́n ṣe fẹ́ ní 2023, mélòó nínú wa ló máa mọ̀? Èmi ò bá máà mọ̀. Ìgbà tí wọ́n ní ẹ ò gbọ́dọ̀ wò ó ni mo tó fẹ́ wò ó. Ìpolówó tí Warner ṣe fún Ketchup lọ́fẹ̀ẹ́, owó ò lè rà á. Coyote tún ti fi àdó olóró Acme fò gòkè ọ̀gbun.

Ajáko49

Mo fẹ́ràn bó o ṣe wí i, àmọ́ ẹ̀rù bà mí pé ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í di tíkẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́sí, wọ́n ti gbàgbé. Èmi fúnra mi, ọjọ́ tí mo rí ọjọ́ tuntun yìí, inú mi ò tètè dùn. Mo jókòó, mò ń wá ibi tí ìkẹ́kùn wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Bí wọ́n ṣe sọ wá dà nìyẹn: wọ́n fún ọ lóhun tó o bẹ̀bẹ̀ fún, o bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Òfin Chuck Jones mìíràn wà tí n ò sọ lẹ́ẹ̀kan: Coyote lè dáwọ́ dúró nígbàkígbà tó bá wù ú, tí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Píksẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Tí fíìmù yìí bá jáde, tí orúkọ àwọn tó ṣe é bá ń gòkè lójú àwòrán ní ìparí, ẹ má tíì dìde. Àwọn kan wà nínú àwọn orúkọ yẹn tó ti ń sọ fún àwọn tó ń gbanisíṣẹ́ láti 2023 pé 'mo ṣe ajáko kan'.

Ẹ̀fẹ̀lásán

Èmi tí mo máa ń sáré jáde kí èrò tó dí ẹnu ọ̀nà. Ó dáa. Màá jókòó.

Kò_Parí_Síbẹ̀

Èmi náà á jókòó. Aláròyé ńkọ́? Ṣé wàá lọ?

Aláròyé_Àná

Mo ti sọ tèmi. Kò ní jáde lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á sún un. Tó bá jáde ní August 28 lóòótọ́, màá pa orúkọ yìí tì, màá di Aláyọ̀_Òní.

Olùtọ́jú_Àpérò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Kò tíì sí ẹni tó ń jẹ́ Aláyọ̀_Òní níbí. Mo ti fi pa mọ́ fún ọ.

Aláròyé_Àná

Ta ló ní kí o fi pa mọ́?